Àjẹ̀ Tó Wà Lára Ògiri

Bí ẹ bá bèèrè òkun lọ́wọ́ ọmọ Adó-Èkìtì, òkè Ayọ́ba ni yóò nàka sí fún yín. Á ní kí ẹ gun orí rẹ̀, kí ẹ wo ọ̀ọ́kán, bóyá ẹ ó rí i. Irọ́ ló ń pa. Páànù ilé àti òkè mìíràn ni ẹ ó rí. Ìlú òkúta ni ìlú wa, a kò sì tíì gbọ́ pé òkúta lé ẹnikẹ́ni jáde nínú ilé rẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Tíṣà Ayọ̀rìndé fi ń pa àwọn aládùúgbò lẹ́rìn-ín. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó kọ́lé tirẹ̀ sí ojú ọ̀nà Ìyìn, tó ní oko iṣu lẹ́yìnkùlé, òun ló máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa bi ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ bóyá wọ́n mọ ìlú apẹja kan létí òkun: ìlú tó tutù, tí ẹnikẹ́ni kì í sáré níbẹ̀, tí arúgbó méjì lè rí yàrá kan gbà, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ sórí omi.

"Tíṣà," Mutallib awakọ̀ a máa dá a lóhùn, "ṣé ẹja ló ń wù yín jẹ ni, àbí omi ló ń gbẹ yín? Méjèèjì wà ní Fájuyì o."

Ọwọ́ Tíṣà ni Mutallib ti kọ́ ìwé kíkà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, irùngbọ̀n rẹ̀ kún, ọkọ̀ tirẹ̀ ló sì ń wà ní ibùdókọ̀ Fájuyì, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń bá Tíṣà ṣẹ̀fẹ̀ bí ọmọ tó mọ̀ pé wọn ò ní na òun mọ́.

Ẹ̀rín kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà fún Tíṣà. Ìlérí kan ló ń lé e. Lọ́dún 1996, nígbà tí ìjọba yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kálukú padà sí ìpínlẹ̀ rẹ̀, ó mú ìyàwó rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún, àti ọmọ wọn, Moyinolúwa, kúrò ní Ìdí-Àwọ̀n wá sí Adó. Ìdí-Àwọ̀n yìí, ìlú apẹja ni, létí òkun, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyàwó sí. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn jáde, obìnrin náà ń sunkún, kò sì bojú wẹ̀yìn. Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì ná. Bí mo bá ti fẹ̀yìn tì, màá dá ẹ padà sétí omi. Ibẹ̀ la ó ti darúgbó."

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ti ṣe díẹ̀. Ìdí-Àwọ̀n sì ti lọ. Òkun ló jẹ ẹ́, ilé kan lónìí, ilé kan lọ́dún tó ń bọ̀, títí tó fi kan ilé ẹ̀kọ́ tí Tíṣà ti kọ́ni. Àwọn ará ìlú fọ́n ká, oníkálukú sì ń jẹun níbi tí orí gbé e dé. Bí ìlú bá ti lọ, ìlérí kò bá a lọ. Tíṣà ní tí òun ò bá rí Ìdí-Àwọ̀n, òun á rí èkejì rẹ̀, kí òun tó kú.

Ohun tó ń rán an létí ìlérí yìí wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Àjẹ̀ ni, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ní Ìdí-Àwọ̀n, bí ọmọbìnrin bá ń lọ fẹ́ ọkọ sí ilẹ̀ gbígbẹ, bàbá rẹ̀ ni yóò gbẹ́ àjẹ̀ kan fún un. Wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ilé ọkọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ àyàfi ìyàwó fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá jí, tó rí ògiri lófìfo, kó má wulẹ̀ dààmú: ìyàwó ti padà sílé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ tó bá ní àjẹ̀ lára ògiri máa ń mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ìyàwó.

Ní Oṣù Kejìlá ọdọọdún, Rẹ̀mílẹ́kún a gun àpótí, a fi àdín pa àjẹ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀, a fi aṣọ nù ún. Lọ́dún tó kọjá, Tíṣà ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó bá a tó dúró níwájú àjẹ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ lórí igi, omi lójú rẹ̀. Kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun rí i. Ó rọra padà sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo ti sá ọmọ ọlọ́mọ gbẹ sórí òkúta."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi gbogbo ayé léèrè omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí omi ṣe wọ inú rẹ̀ fún yín. Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Ìdí-Àwọ̀n lọ́dún 1983. Omi tó tóbi jù tó tíì rí nígbà náà ni odò tí a lè ká ṣòkòtò kọjá. Ìyá rẹ̀ di ẹbu iṣu sínú àpò fún un, ó ní ìlú tí kò bá ní iṣu, kó gbìn ín síbẹ̀, kí ebi má baà pa ọmọ òun láàárín àjèjì. Ọmọ Èkìtì gidi, kò sì jáfara. Ilé tíṣà wà lórí ibi gíga nínú ìlú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ kò tó, ló bá sọ̀kalẹ̀ sórí iyanrìn funfun létí òkun, ó kọ ebè gàgàrà-gàgàrà bí ẹni pé oko bàbá rẹ̀ ló wà. Ó gbin ẹbu sí i. Ó fi koríko bò ó lórí. Gbogbo ìlú jáde wá wòran, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Tíṣà ni, ta ni yóò kọ́ tíṣà?

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òkun kún. Tíṣà wà nínú ilé tó ń wo ìwé àwọn ọmọ nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ àgbọn. Igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹbu iṣu mẹ́ta ló wà nínú igbá, wọ́n ti funfun bí ojú òkú. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Tíṣà, iṣu yín ń lúwẹ̀ẹ́."

Ẹ̀rín ni Tíṣà fi gba igbá. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ti bèèrè orúkọ rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ni. Títí tó fi kúrò ní ìlú náà, Tíṣà Elébè ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí i, nítorí ebè ló fẹ́ ìyàwó fún un.

Ayé tó jẹ níbẹ̀, kò jẹ irú rẹ̀ mọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, á lọ jókòó sórí afárá pákó, á fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ sínú omi. Èéfín ẹja á máa bọ̀ láti ilé gbogbo. Àwọn àgbà á máa ta ayò, wọn á máa bú ara wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn ọmọdé á máa fi ọkọ̀ lọ ra kẹrosíìnì bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ń sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé l'Ádó. Kò sí ẹni tó ń bèèrè aago, bí omi ṣe ń wọ̀ àti bí ó ṣe ń jáde ni aago wọn. Èyí tó dùn mọ́ Tíṣà jù ni ìgbà tí apẹja bá ti òkun dé. Á wa ọkọ̀ dé iwájú ilé rẹ̀, á ki àjẹ̀ rẹ̀ bọ inú ẹrẹ̀ ní òòró, á so ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí o bá ti rí àjẹ̀ tó dúró bẹ́ẹ̀ níwájú ilé, o ò ní rán onílé níṣẹ́ mọ́, o ò ní pè é jáde. Ó ti dé nìyẹn. Tíṣà a máa wo àwọn àjẹ̀ wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, inú rẹ̀ a sì máa tutù débi tó fi ń dùn ún.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá ìrọ̀lẹ́ yẹn ni. Ó bẹ Mutallib lọ́wẹ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà òkun. Ìlú àkọ́kọ́ ti ní hòtẹ́ẹ̀lì, gbohùngbohùn sì ń ké níbẹ̀ láti àárọ̀. Èkejì dára, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kó ẹrù wọn jáde, omi ti wọ ilé mẹ́rin nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gba Òkìtìpupa dé Ìgbọ́kọ̀dá, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, wọ́n sì dé ìlú kan tó ń jẹ́ Ayéwùmí.

Tíṣà kò tíì bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti mọ̀. Afárá pákó ń bẹ. Èéfín ẹja ń bẹ. Ọkùnrin kan ń sùn sínú àwọ̀n tó ní òun ń rán. Bí oòrùn sì ṣe ń rọlẹ̀, apẹja kan dé, ó ki àjẹ̀ rẹ̀ bọ ẹrẹ̀ níwájú ilé, ó so ọkọ̀ mọ́ ọn, ó wọlé. Tíṣà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Mutallib má rí ojú òun. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oore-ọ̀fẹ́ ní yàrá kan lórí omi, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ nígbàkúgbà, pé ilé náà ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí àwọn ọmọ òun ti lọ.

Kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀ o. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jinná kó tó bù ú fún un. Àkúrẹ́ ló ní òun lọ, pé òun lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan tí àwọn jọ fẹ̀yìn tì. Nígbà tó dé, Rẹ̀mílẹ́kún gba bùbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fọ̀, ó gbé e símú.

"Ọ̀rẹ́ yín ti di apẹja nìyẹn," ni ó wí.

Ni Tíṣà bá jókòó, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó ṣàpèjúwe afárá, ó ṣàpèjúwe yàrá, ó fi ọwọ́ wọn bí fèrèsé ṣe fẹ̀ tó. Ó ní, "Ìlérí mi ti dé ojú ẹ̀. Sọ àjẹ̀ rẹ kalẹ̀, ká máa lọ." Rẹ̀mílẹ́kún wo àjẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Moyin, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wò ó ná."

Tíṣà gbà pé ayọ̀ ló pọ̀ jù tí kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ ti kúrò l'Ádó. Ìtàkùn iṣu ti yọ lórí ebè lẹ́yìnkùlé, ó ń rá pálá lórí ilẹ̀, Tíṣà kò sì wá igi tí yóò gùn fún un. Kí ni èèyàn ń tún wá igi fún iṣu sí, nígbà tí kò ní í sí nílé láti wà á?

Nígbà tí wọ́n ń lọ, iṣu ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀ Mutallib, nítorí ọmọ Èkìtì kì í lọ sílé èèyàn ní ọwọ́ òfo. Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sẹ́yìn, ó ń wo igbó. Ní Ìgbọ́kọ̀dá, àwọn ọ̀dọ́ dì í mú wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Ó di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sì tú ọwọ́ náà títí tí wọ́n fi gúnlẹ̀. Tíṣà rí i. Ó ní ọjọ́ ló ti pẹ́, ara rẹ̀ á tún mọ́ ọn.

Ní Ayéwùmí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń sá ẹja dìde kí wọn. Rẹ̀mílẹ́kún dá a lóhùn, ó sì bi í léèrè ọjà. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, Èkìtì lẹ ti wá. Ohùn yín ti sọ ọ́."

"Èmi? Ọmọ etí omi ni mí."

"Etí omi ibo, Màmá?"

"Ìdí-Àwọ̀n."

Ọmọ náà ronú, ó wo obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà mi orí. Wọn ò gbọ́ ọ rí. "Ẹ káàbọ̀, Màmá Èkìtì," ni wọ́n wí, tayọ̀tayọ̀, wọ́n sì gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n jókòó sí yàrá náà lọ́sàn-án. Ìyá Oore-ọ̀fẹ́ ti lọ se oúnjẹ, Mutallib ti bá àwọn ọkùnrin jókòó níta. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lábẹ́ pákó, ó ń gbá ẹsẹ̀ ilé pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tíṣà di ojú rẹ̀. Ohùn tó ti ń gbọ́ lójú oorun fún ọdún pípẹ́ rèé. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Ó la ojú láti wo ìyàwó rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Báàgì rẹ̀ wà láyà rẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Omi ń bọ̀."

"Abẹ́ pákó ló wà, Ìyá Moyin. Kò lè dé ibí."

"Mo mọ̀," ni ó wí, ṣùgbọ́n kò sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá Moyin, ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé mo fẹ́ padà sétí omi?"

Tíṣà wá ọ̀rọ̀ náà nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ gbé, kò rí i. "O sunkún nínú ọkọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn, "lọ́jọ́ tí à ń bọ̀."

"Mo sunkún. Ìyá mi ni mo fi sílẹ̀ sínú omi yẹn." Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ṣa ewébẹ̀. "Orí ibi gíga ni ilé tíṣà wà. Ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń sọ̀kalẹ̀ wá bá omi, tí inú ẹ̀ bá dùn. Ilé tiwa wà nísàlẹ̀. Bí òkun bá kún lálẹ́, ìyá mi á máa fọwọ́ kan orí wa nínú òkùnkùn, láti mọ̀ bóyá a pé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a ò pé. Ẹ mọ̀ pé mo ní àbúrò kan tó kú, Ṣèyítán. Ẹ ò bi mí rí ohun tó pa á."

Tíṣà mọ orúkọ ọmọ náà. Ó ti gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Òótọ́ ni, kò bèèrè rí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ omi, ojú yín a máa dán. Mo ní kí n má ba ojú yẹn jẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé bí ẹ bá darúgbó, ẹ ó gbàgbé. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn Ìdí-Àwọ̀n, Bàbá Moyin. Èmi kàn ti ibẹ̀ wá ni."

"Àjẹ̀ tí ò ń fi àdín pa ńkọ́? Mo rí ẹ ní Kérésì, o ń sunkún."

"Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Bí a ò bá fi òróró pa igi, kòkòrò á jẹ ẹ́. Ṣé kí n jẹ́ kí kòkòrò jẹ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi ni? Òun ni mo rántí tí mo fi sunkún."

Ó yẹ kí Tíṣà dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé pẹ̀lú ọkọ tàbí aya pẹ́ mọ̀ pé ibi tó yẹ kí a dákẹ́ ni ẹnu ti máa ń yá jù. Ó dùn ún, ojú tún tì í, méjèèjì sì di ìbínú fún un. Ó dìde. Ó ní, "Ó dáa. Òmùgọ̀ ni mí láti ọjọ́ yìí wá. Mo ti rí ibi tí ọkàn mi wà. Bí o kò bá bá mi gbé ibẹ̀, èmi nìkan á máa gbébẹ̀."

Rẹ̀mílẹ́kún wọ bàtà rẹ̀, ó ní àwọn fẹ́ máa lọ. Láti Ìgbọ́kọ̀dá dé Adó, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Mutallib tan rédíò ní Orè, ó wo ojú wọn nínú díńgí, ó sì pa á.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò dára. Wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n ń jẹun, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Tíṣà kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó di aṣọ rẹ̀ díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ bá Mutallib ní Fájuyì kó lè dá ọjọ́ tí yóò wá gbé ẹrù rẹ̀. Mutallib ń fọ dígí ọkọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì fún aṣọ tó fi ń nu dígí gbẹ.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Bí mo bá gbé yín dé ọ̀hún, ẹ ó jókòó sórí afárá, ẹ ó wo omi. Ta ni ẹ ó máa sọ̀rọ̀ Ìdí-Àwọ̀n fún?"

"Àwọn ará ibẹ̀ ń bẹ."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, Tíṣà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Màmá dárúkọ rẹ̀. Wọn ò gbọ́ ọ rí."

Tíṣà yíjú sí ojú ọ̀nà. Àwọn èrò ń kọjá, àwọn kan ń ké Ìkẹ́rẹ́, àwọn kan ń ké Ìyìn. Nínú gbogbo ayé tó wà láyìíká rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó lè sọ fún un pé òótọ́ ni, ìlú kan wà rí, ọ̀dọ́ kan sì kọ ebè sínú iyanrìn níbẹ̀. Ẹni náà wà nílé, òun kò sì bá a sọ̀rọ̀ gidi láti ọjọ́ mélòó kan. Ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbá a láyà tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí ọkọ̀ Mutallib. Ó wọ ọkọ̀ Ìyìn, ó ń lọ sílé.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó wọ pálọ̀.

Ògiri ṣófo. Ìṣó méjì ló wà níbẹ̀, àti ibi funfun tí àjẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kun ilé.

Tíṣà pe, "Ìyá Moyin!" Kò sí ìdáhùn. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bàtà rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ronú ibi tí obìnrin náà lè lọ, kò rí ibì kankan: ilé bàbá tó yẹ kó padà sí ti wà nísàlẹ̀ òkun. Ìyẹn ló wá dẹ́rù bà á jù. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó pe Saadat, aládùúgbò wọn tó ń ránṣọ.

"Saadat, ṣé o rí Màmá ẹ?"

"Ẹ̀yìn ulé yín ni wọ́n gbà lọ, Bàbá. Mo rí i tí wọ́n gbé ugi kan dání."

Ó gba ẹ̀yìnkùlé. Rẹ̀mílẹ́kún wà láàárín ebè, ó ti ká ìró rẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ òjò àárọ̀ dé kókósẹ̀ rẹ̀. Àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rẹ̀mí," ni Tíṣà wí. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí Moyinolúwa.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí ewé. Ẹ ti fẹ́ pa iṣu yìí tán."

"Mo rí ògiri."

"Mo mọ̀ pé ẹ ó rí i."

Ó gbé àjẹ̀ náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ki í bọ orí ebè ní òòró, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ki tirẹ̀ bọ ẹrẹ̀ níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, kò wọlẹ̀ tán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìtàkùn iṣu nílẹ̀, ó rọra wé e mọ́ ara igi tí àdín ti mú dán.

"Ẹ wá bá mi tẹ̀ ẹ́. Agbára mi ò gbé e."

Tíṣà wá. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó wọ̀ lọ sí Fájuyì, ó di àjẹ̀ mú níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, àwọn méjèèjì sì tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ títí tó fi dúró gbọnyin. Ó ń sunkún. Ó ń sunkún Ìdí-Àwọ̀n, ó ń sunkún ọmọ kan tó ń jẹ́ Ṣèyítán tí kò bèèrè rẹ̀, ó sì ń sunkún nítorí pé òun kò ní í gbọ́ omi yẹn lábẹ́ pákó mọ́ láyé òun. Rẹ̀mílẹ́kún jẹ́ kó sunkún tó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo àjẹ̀, ó wo ebè, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀dọ́bìnrin tó gbé igbá wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Uṣu yín ò ní lúwẹ̀ẹ́ mọ́, Tíṣà."